Ohun Tí Aránṣọ Kọ Sórí Pátákó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọ̀fun mi tó dí. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, kí n má fi dọ̀la. Ó rò pé ìwé ogún ni mo fẹ́ kọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń kọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti gbé e mì, tí mò ń jẹun lé e lórí, tí mò ń rẹ́rìn-ín, tí mò ń gba àmì ẹ̀yẹ, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ń pè mí ní Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń po oúnjẹ fún aláìsàn ní ọsibítù gbogbo, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé tí mo kọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Mo pa obìnrin kan. N kò fi ọ̀bẹ pa á, n kò sì fi májèlé pa á. Oúnjẹ ni mo fi pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi tún un sọ, pé àṣìṣe ni, pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ sọ fún onítọ̀hún pé èmi fúnra mi ní irọ́ ló ń pa.

Yàrá tí mo ti ń po oúnjẹ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Òun àti wọ́ọ̀dù àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run, ló dojú kọra. Ohun tó wà níbẹ̀ ni síǹkì kan, òṣùwọ̀n kékeré kan, jọ́ọ̀gì, asẹ́, àti àwọn ìgò oníke tí mo máa ń lẹ bébà mọ́ lára: nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì, wákàtí, ohun tó wà nínú rẹ̀. Aláìsàn tí kò bá lè gbé nǹkan mì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ ihò imú rẹ̀ títí dé ikùn, ibẹ̀ ni ohun tí mo bá pò yóò gbà wọlé. Kò lè tọ́ ọ wò. Kò lè sọ pé iyọ̀ pọ̀ jù. Ohun tó bá wu ọwọ́ mi láti fi sí i, òun náà ló jẹ. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí inú ẹ̀ ni gbogbo agbára iṣẹ́ wa wà, inú ẹ̀ náà sì ni èṣù jókòó sí.

Pọ́dà náà funfun, kò ní òórùn. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tí amúaradàgbà pín sí, èyí táwọn oníwèé ń pè ní àmínò ásíìdì. Bí àìsàn líle bá gbé ara dè, ṣe ni ara á máa jẹ ẹran ara rẹ̀ kó lè rí èròjà yìí lò. Èrò tiwa ni pé bí a bá ń bù ú fún un láti ìta, kò ní í jẹ ara rẹ̀ mọ́. Èrò náà kò burú. Wẹ́dà kan, ajórin, wà tí iná jó láyà, ojú egbò ibẹ̀ ṣú dúdú, ó sì ń tú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi bù ú fún un, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀, pupa, tó mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Sístà àgbà ti ń pè mí ní Bàbá Ẹran-Á-Hù. Òun fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, èmi sọ ọ́ doyè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà sókè rìn ní kọ́rídọ̀ bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ènìyàn.

Ṣùgbọ́n pọ́dà náà ní ààlà. Kíndìnrín ló ń kó pàǹtírí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń dà á sínú ìtọ̀. Bí kíndìnrín bá ń kọṣẹ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni pàǹtírí á jókòó sí, á sì máa ba gbogbo ara jẹ́. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Èmi gan-an ni mo fi bírò pupa kọ ọ́ sára ògiri yàrá náà: Bí ìtọ̀ bá dín, dá pọ́dà dúró.

Ọ̀gá Dókítà tó ni wọ́ọ̀dù náà fẹ́ gbé iṣẹ́ wa lọ sí àpérò àwọn oníṣègùn. Aláìsàn méjìlá la nílò, kí oníkálukú wọn lo pọ́dà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹni tí a bá dá tiẹ̀ dúró láàárín, kò sí nínú kíkà. Mọ́kànlá ti pé. Ọ̀gá wá bá mi ní yàrá, ó ní, “Bàbá, ẹnì kan péré ló kù. Orúkọ yín ló máa ṣáájú tèmi lórí ìwé yẹn.” Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí lónìí, ẹ kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn létí mi tó. Lásìkò tiwa, kúùkù ni wọ́n ń pè wá. Mo ka ìwé títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, mo mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn dókítà kéékèèké mìíràn lọ, síbẹ̀ “ẹ bá mi pe kúùkù yẹn” ni mo ń gbọ́. Inú bí mi fún ọdún mọ́kàndínlógún. Inú bíbí yẹn ni mo gbé wọ yàrá aláìsàn.

Ẹni kejìlá ni aránṣọ kan, opó, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ìfun rẹ̀ ló lu, ìdọ̀tí tú sínú ikùn, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó lajú, ṣùgbọ́n rọ́bà èémí tí wọ́n kì bọ ọ̀fun rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Pátákó ìkọ̀wé funfun kékeré kan ni wọ́n gbé lé e láyà, pẹ̀lú bírò tó ṣeé nù kúrò. Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀, ó na ọrùn wo ojú abẹ náà, ó kọ ọ́ pé: “Ta ló rán èyí?” Sístà ní dókítà ni. Ó tún kọ ọ́: “Kò gún. Kó tú u, kó tún un rán.” Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, dókítà tó rán an pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ rí ẹni tí mo pa.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà kì í pa wákàtí ìbẹ̀wò kan jẹ. Á fọ ọwọ́ rẹ̀ ní bésìnnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á wá jókòó, á máa ròyìn àwọn oníbàárà fún ìyá rẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fún ẹ̀wù òun, ẹni tó ní wọ́n fún un jù. Ìyá á kọ èsì sórí pátákó, ọmọ á rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹfà, Sístà àgbà dá mi dúró. “Bàbá, ìtọ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti ń dín o. Láti àárọ̀, kò tíì kún ife kan.”

“Bóyá wọ́n ti da àpò ìtọ̀ náà nù tí wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀,” ni mo wí.

“Èmi ni mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò dà á.”

“Sístà, ẹ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ yín, kí èmi náà lè gbájú mọ́ oúnjẹ mi.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan sára ògiri, kì í ṣe èmi.” Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé n kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù náà ní òṣùwọ̀n lábẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń bu pọ́dà fún un, obìnrin náà ti fi kílò mẹ́rin wúwo sí i. Aláìsàn tó yẹ kó máa rù, tó wá ń tẹ̀wọ̀n sí i: oníṣẹ́ bíi tiwa nìkan ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè tàn jẹ, nítorí àwa la ti ń fojú sọ́nà fún un. Mo fi gègé mi tó dára jù kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹran ti ń hù. Ọmọ rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà náà, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ní, “Bàbá, ẹ wo ọwọ́ màmá mi. Ẹ wo bó ṣe ń kún.” Mo sún aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ojú ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Omi ni. Omi tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè lé jáde mọ́ ló gba gbogbo ara rẹ̀ kan. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wò. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i kedere, mo sì fa aṣọ bò ó.

“Ó ń sanra,” ni mo sọ fún ọmọ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Ọ̀gá Dókítà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wo àpò ìtọ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká dá pọ́dà yẹn dúró ná, títí èsì ẹ̀jẹ̀ á fi dé.” Mo ní, “Ó dáa, sà.” Ẹnu ló fi sọ ọ́, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ ọ́, ẹni kejìlá ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Òun ti kú, á dáhùn tiẹ̀ níbi tó wà. Tèmi ni mò ń sọ.

Mo padà sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Ṣíbí mẹ́ta ni mo ti ń bù fún un tẹ́lẹ̀. Mo bu mẹ́ta, mo dúró, mo wo ohun tí mo kọ sára ògiri, mo bu méjì lé e. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mò ń rò? Mò ń rò pé bí ojú abẹ rẹ̀ bá lè tètè jinná kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó dé, ta ni yóò tún bèèrè ìtọ̀ lọ́wọ́ mi? Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa lápálápá, èmi tí mo ní mo mọ̀wé. Sára bébà ìgò náà, mo kọ ọ́ pé: “Kò ní pọ́dà.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́jọ́ kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́jọ́ kẹwàá.

Ọjọ́ kẹwàá yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ọ̀sán ni, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó mọ́lẹ̀ kedere, n kò lè sọ pé òkùnkùn ni mo fi ṣe é. Òsúkè ń mú un, ara ń yún un, ó ti fi èékánná ha ọrùn rẹ̀. Mo gbé ìgò náà dé, mo fẹ́ fi kọ́ irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọwọ́ wíwú yẹn sókè, ó ti ọwọ́ mi dànù. Mo tún gbé e wá, ó tún tì mí. Lẹ́yìn náà ó fa pátákó mọ́ra, ó kọ̀wé. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ sísàlẹ̀. Mo kà á. Èmi nìkan ni mo kà á láyé yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́: “Oúnjẹ yìí ló ń pa mí. Kì í ṣe pé mo sanra, mo wú ni. Ẹ sọ fún ọmọ mi kó má jẹ́ kí wọ́n fún mi mọ́.”

Ọmọ rẹ̀ wà ní bésìnnì, ó ń fọ ọwọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi nu pátákó náà. Ìyá rẹ̀ ń wò mí. N kò yára, mo nù ún láti ìgun kan dé èkejì, mo mú bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.

Ọmọ náà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. “Kí ni màmá mi kọ, Bàbá?”

Mo ní, “Ó ní kó o bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní oúnjẹ yìí ló ń gbé òun ró.”

Ojú ìyá rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ó ń gbọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ó ń mi orí lórí ìrọ̀rí, ó ń fi ọwọ́ wá bírò lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ̀ bèèrè pé, “Kí ló dé tó ń mi orí?” Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kó sinmi. Mo gbé ìgò kọ́, mo ṣí ẹnu rọ́bà, mo dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọlé. Bírò wà lápò mi. Mo ti gbọ́ ìwàásù oríṣiríṣi nípa ọ̀run àpáàdì, kò sí èyí tó le tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀ fún obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí.

Alẹ́ ọjọ́ kẹwàá yẹn ló ti sọ iyè nù, kò kọ nǹkan kan mọ́, ó sì dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá. Èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n sáré gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo mú ìwé rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹjọ ni pọ́dà ti dúró. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú kíkà. Ẹlòmíràn dé, ó rọ́pò rẹ̀, ó yè, méjìlá pé. Ẹ ṣí ìwé mi. Kò sí òkú kankan nínú rẹ̀. Ní àpérò, ọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn yàrá, ó bèèrè bí ti kíndìnrín ṣe rí. Mo dáhùn pé a kò rí ìṣòro kankan, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìlànà lílo pọ́dà náà ní ìwé fún gbogbo wọ́ọ̀dù, mo yọ gbólóhùn tí mo kọ sára ògiri kúrò pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi bi mí léèrè. Sístà àgbà tó mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sọ fún Ọ̀gá pé kò ní ìbọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Oṣù kan kò pé tí wọ́n fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to káàdì àwọn aláìsàn. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ti kú, ara tù mí. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ẹ rò pé ó tán? Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n sin aránṣọ náà, ọmọ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ pa. Ó ní, “Bàbá, iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ tí màmá mi kọ kẹ́yìn ló gbé mi wá.” Ó yẹ kí ilẹ̀ ya kó gbé mi mì. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kó jókòó. Mo kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ọwọ́ gbogbo yín lọ. Lónìí òun ni olórí àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ aláìsàn ní ọsibítù tó tóbi ju èyí tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ, ìwé mi ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ó wá bẹ̀ mí wò nílé. Ó ní kí inú mi lè dùn, òun ní ìròyìn. “Bàbá, awakọ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ìfun rẹ̀ lu. Kílò mẹ́ta ló ti fi wúwo sí i. Pọ́dà yín ń ṣiṣẹ́ o.”

Mo bi í pé, “Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yín ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè gbójú sókè. Mo ń dúró de igbe. Mo ń dúró de ìgbájú.

“Ṣíbí mélòó?” ló bi mí.

“Márùn-ún.”

“Títí dọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó kú.”

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe wọ́ọ̀dù. “Ẹ bọ́ ìgò oúnjẹ bẹ́ẹ̀dì kejì sílẹ̀ báyìí. Ẹ má dúró dè mí, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ pe dókítà kó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.” Ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi òróró pa á. Ohun tí màmá mi kọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan má yẹ̀.” Kò pè mí ní Bàbá.

Èmi nìyí, mo ti kọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá awakọ̀ náà yè. Wọn kò sọ fún mi, ẹnu mi ò sì gbà á láti bèèrè. Ẹ̀yin ọmọ tí mo fi irọ́ tọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò ní kẹ́ ẹ da pọ́dà nù, ààlà rẹ̀ tí mo jí gbé ni mò ń dá padà fún yín. Bí aláìsàn bá ti ọwọ́ yín dànù, ẹ dúró. Bó bá wúwo sí i, ẹ tẹ ojúgun rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jó. Bí wọ́n bá ń pè yín ní kúùkù, ẹ bá ẹni tó pè yín bẹ́ẹ̀ jà, ẹ má gbé ìjà náà lọ bá ẹni tó sùn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sunkún báyìí, pé wọ́n fẹ́ wá wò mí, kí wọ́n wá sọ pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wá. Àwọn kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí tí ìwé mi ń bọ́. Ẹ lọ wo àpò ìtọ̀ wọn.